Kéèsì .308 gùn sí i lẹ́yìn tí mo fi dáì fún un: ṣé kí n gé gbogbo wọn?

ỌmọỌdẹ_TX:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn bolt-action .308 Winchester ni mo fi ń dọdẹ àgbọ̀nrín níbí, mo sì fẹ́ tún ọgọ́rùn-ún kéèsì idẹ (ilé tí ẹ̀tù àti ọta ń wà nínú kátírììjì) kún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti yìn wọ́n. Kí n tó tì wọ́n bọ inú dáì, irin tó ń fún kéèsì padà sí ìwọ̀n rẹ̀, 2.006 sí 2.010 íǹṣì ni kálípà tí mo fi wọn gígùn wọn ń kà. Mo fi full-length dáì, èyí tó ń fún gbogbo ara kéèsì, fún wọn, mo nu epo ara wọn kúrò, mo tún wọ̀n wọ́n: ó ti di 2.011 sí 2.018. Ìwé ní 2.015 ni òpin, ó tún ní kí a gé e sí 2.005.

Èwo ni kí n tẹ̀ lé nínú gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí? Ṣé àwọn tó kọjá 2.015 nìkan ni kí n gé, àbí gbogbo wọn? Kí ló sì fà á tí kéèsì fi ń gùn, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni dáì ń fún un kéré?

Tírímà (ohun tí a fi ń gé ẹnu kéèsì) Lee olówó pọ́ọ́kú yẹn ni mo ní, èyí tó ní irin tín-ín-rín lórí. Mo ti fi gé mẹ́ta wò. Nígbà tí mo ń ti ọta sí wọn lẹ́nu, ẹnu kéèsì ń fá bàbà ara ọta, bàbà wẹ́wẹ́ sì ń já sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Àṣípa_Ọdẹ:

Àbúrò, o káre. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wọn kéèsì kí wọ́n tó fi dáì fún un, tí wọ́n á sì fọkàn balẹ̀ sórí nọ́ńbà tí kò wúlò. Èyí tí o kà lẹ́yìn dáì ni kí o mú, torí bí kéèsì ṣe máa wọ inú ìbọn nìyẹn. Èyí àkọ́kọ́, pa á tì.

Ohun tó ń mú un gùn rèé. Bí ẹ̀tù bá gbiná, agbára èéfín á ti ara kéèsì jáde títí á fi lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta, ìyẹn ihò inú ìbọn tí kátírììjì ń wọ̀. Kéèsì á sanra. Ìgbà tí o bá wá tì í bọ inú dáì, dáì á fún ara rẹ̀ wọlé padà, idẹ tó ti fẹ̀ yẹn kò sì ní ibòmíràn tó lè gbà ju òkè lọ. Á gba èjìká kọjá sí ọrùn, bí ọṣẹ tútù ṣe ń yọ́ jáde lẹ́nu ìkúùkù ẹni tó fún un. Bí o bá wá ń fà á jáde, bọ́ọ̀lù orí ọ̀pá àárín dáì á gba inú ọrùn kọjá, á tún fa ọrùn sókè sí i. Bí inú ọrùn bá gbẹ, wàá gbọ́ tó ń han. Ariwo yẹn, gígùn ni. Fi búrọ́ọ̀ṣì ọrùn tó ní graphite tàbí mica gbígbẹ díẹ̀ nu inú ọrùn kéèsì kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wàá rí i pé nọ́ńbà rẹ kò ní fò tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

2.015 àti 2.005 kì í bá ara wọn jà. Òpin ni 2.015. SAAMI ló fi lélẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti wà láti ọdún 1926. 2.005 jẹ́ ibi tí wọ́n ní kí o gé e dé, kí ó lè ní àyè láti gùn kí ó tó tún kan òpin. Kéèsì tó wà láàárín méjèèjì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Bákan náà ló rí fún àwọn oríṣi kátírììjì yòókù: .223 Remington, òpin 1.760, gé e sí 1.750; .243 Winchester, 2.045 àti 2.035; .270, 2.540 àti 2.530; .30-06, 2.494 àti 2.484, 6.5 Creedmoor, 1.920 àti 1.910. Wàá rí i pé 0.010 ló sábà máa ń wà láàárín wọn.

Kí ló burú nínú kí ó kọjá òpin? Níwájú ilé ọta, níbi tí ààyè ọrùn kéèsì parí sí, ihò náà á fún lójijì kí ó tó bọ́ sínú ọ̀pá ìbọn. Kéèsì tó gùn jù á fi ẹnu kan ibẹ̀. Bí o bá ti bọ́ọ̀lùtì pa, ẹnu náà á ṣẹ́ wọlé, á di ọta mú gírígírí. Ó yẹ kí ọrùn fẹ̀ díẹ̀ kí ọta tó lè jáde, àyè kò sì sí fún un láti fẹ̀ mọ́. Agbára èéfín á gòkè ju ohun tí ìwé ṣírò fún ìwọ̀n ẹ̀tù yẹn lọ, bí o tilẹ̀ wọn ẹ̀tù náà láìṣì. Àmì rẹ̀ ni bọ́ọ̀lùtì tó le láti gbé sókè lẹ́yìn yíyìn, práímà (ife kékeré ní ìdí kéèsì tó ń tan ẹ̀tù) tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti ojú dídán tí ejector, irin tó ń ta kéèsì jáde, tẹ̀ sí ìdí kéèsì. Má gbẹ́kẹ̀ lé pé bọ́ọ̀lùtì á le láti pa kí o tó mọ̀. Agbára tí bọ́ọ̀lùtì fi ń ti nǹkan wọlé pọ̀, ó lè fún ẹnu kéèsì pọ̀ kí ọwọ́ rẹ má mọ nǹkan kan.

Ní tèmi, gé gbogbo ọgọ́rùn-ún náà sí 2.005. Tírímà Lee rẹ kò ní ohun tí a ń yí láti tún un ṣe. Ìwọ̀n tí wọ́n gé irin yẹn sí nílé iṣẹ́ ló máa fún ọ nígbà gbogbo, nítorí náà kéèsì méjì á bára mu bí o bá lò ó dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó dáadáa: yọ práímà àtijọ́ kúrò kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí irin tín-ín-rín yẹn gbọ́dọ̀ gba ihò iná kọjá kí ó lè lọ fi orí sọ irin tó di ìdí kéèsì mú. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú ihò práímà, kéèsì á gùn ju èyí tó ṣáájú lọ; bí eérún idẹ bá bọ́ sábẹ́ ìdí kéèsì, á kúrú jù ú lọ. Fi ìka nu shell holder, ohun tó ń gbá etí ìdí kéèsì mú, nígbà gbogbo. Bí o bá fi dírílì yí i, jẹ́ kí ó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́, kí o sì máa ti abẹ náà láìfagbára títí kò fi ní gé nǹkan kan mọ́. Tún jẹ́ kí ó yí bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i lẹ́yìn tí kò gé mọ́, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. Kéèsì tó ní ihò iná kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Berdan, kò ṣe é fi irin yìí gé. Má tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, irin náà á tẹ̀.

SìsíRéńjì:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Àṣípa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti bàbà tó ń fá, torí wọn kò tíì dá a lóhùn níbẹ̀.

Àbúrò, o gé e, o kò sì fá ẹnu rẹ̀. Abẹ tírímà máa ń fi etí mímú sílẹ̀ nínú àti lóde ẹnu kéèsì. Ti inú yẹn ló ń bó ara ọta. Irinṣẹ́ chamfer ló ń yanjú rẹ̀: apá kan jẹ́ ṣóńṣó, ti inú nìyẹn, apá kejì ní ihò, òun ni ti òde. Ti òde, yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láìtẹ̀ ẹ́, eérún ti kúrò. Ti inú, yí i títí wàá fi rí òrùka dídán tín-ín-rín yí ẹnu ká, kí o sì dúró. Bí o bá ń fá a lọ títí ẹnu fi mú bí ọ̀bẹ, o ti bà á jẹ́. Ẹnu á fẹ́lẹ́, á tètè là, ó sì lè tún máa fá ọta bí ti tẹ́lẹ̀.

Wo ìdí ọta tí o ń lò pẹ̀lú. Èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, òun ló máa ń pariwo jù lórí chamfer tí kò dára. Boat-tail, tí ìdí rẹ̀ rọra ń tín-ín-rín, ń wọlé wẹ́rẹ́, ó sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Irinṣẹ́ chamfer VLD, tí ṣóńṣó rẹ̀ gùn tó sì tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ, ń fún ọta olídìí pẹrẹsẹ ní ọ̀nà tó rọrùn. Bí owó bá wà, òun ni kí o rà.

Lẹ́yìn chamfer, kọ ojú kéèsì sílẹ̀ kí o gbọ̀n ọ́n, kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i, tàbí kí o tún dà á sínú tumbler, ẹ̀rọ tó ń yí kéèsì kí ó mọ́, fún ìgbà díẹ̀. Eérún tó bá bọ́ sínú dáì á máa ya ilà sára gbogbo kéèsì tó bá tẹ̀ lé e. Eérún tó bá jókòó sínú ihò práímà kò ní jẹ́ kí práímà wọlé tán.

Ti kálípà náà, kí n má gbàgbé. Pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ó ka 0.000. Lẹ́yìn náà, wọn ìbú ọta .30 kan: 0.308 ló yẹ kó kà. Bí ó bá ka ohun mìíràn, nu ẹnu kálípà tàbí kí o pààrọ̀ bátìrì kí o tó dá kéèsì lẹ́bi. Yí kéèsì nígbà tí o bá ń wọ̀n ọ́n, kí o mú èyí tó gùn jù nínú ohun tí o kà, torí ìdí tí ejector ti họ máa ń yọ eyín kékeré sókè.

Ayánlọ́dẹ:

Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé kí ó gé gbogbo wọn o, ẹ̀gbọ́n. Ọta ìdọdẹ tí a kò fún ẹnu kéèsì mọ́ ọn lára, tó jẹ́ pé ọrùn nìkan ló di ọta mú, bí kan bá jẹ́ 2.011 tí èkejì jẹ́ 2.006, àgbọ̀nrín kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní kéèsì ẹgbẹ̀rún kan tó sì ń fi ọwọ́ yí i, èyí tó kọjá 2.013 ni kí ó mú jáde kí ó gé, kí ó dá àwọn yòókù padà sínú àpótí. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ìpele kan má dà pọ̀ mọ́ òmíràn: bí o bá gé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kọ ọ́ sára àpótí.

Àti pé kì í ṣe Lee nìkan ló wà. Èyí tó dà bí léètì kékeré, irú ti Forster, RCBS tàbí Lyman, collet (ohun ìdìmú tó ń fún mọ́ nǹkan) tàbí shell holder ló ń di ìdí kéèsì mú, páílọ́ọ̀tì tó bá ìbú ọrùn mu á sì wọ inú ẹnu kí abẹ lè dúró ṣánṣán. Páílọ́ọ̀tì .30 fún .308, .24 fún .243, má pààrọ̀ wọn. Bí páílọ́ọ̀tì bá há, ẹ̀kán epo kan tó fún un. Bí ó bá ṣì há, ọrùn kò tíì gba bọ́ọ̀lù dáì kọjá dáadáa. Gé kéèsì àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀: gé, wọ̀n ọ́n, sún ìdádúró tírímà síwájú díẹ̀, tún gé, títí yóò fi di 2.005, kí o wá de ìdè rẹ̀ pa. Fi kéèsì yẹn pamọ́ bí àwòṣe, wàá fi to tírímà lọ́jọ́ mìíràn. Lórí ti collet, òkè ìdí kéèsì tí kò nípọn dọ́gba lè mú gígùn yàtọ̀ ní 0.001 tàbí 0.002. Má jẹ́ kí ìyẹn gba oorun lójú rẹ.

Irú kẹta ni ti Giraud tàbí WFT, tí ń fi èjìká kéèsì ṣe ibi ìdádúró. Ó yá bí ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùgbọ́n bí èjìká kò bá dọ́gba, gígùn kò lè dọ́gba. Ẹni tó bá gbé kéèsì tí kò tíì wọ dáì sínú rẹ̀, iṣẹ́ òfo ló ń ṣe.

Ẹni tó bá ń ka èyí láti Nàìjíríà, ẹ rántí pé òfin ibẹ̀ kò fàyè gba aráàlú láti máa ṣe kátírììjì nílé. Ṣakabùlà tí ọdẹ wa ń lò kò tilẹ̀ ní kéèsì: ẹnu ọ̀pá ni wọ́n ti ń kún un.

Àṣípa_Ọdẹ:

Ayánlọ́dẹ, mo gbọ́. Òótọ́ ni fún ẹgbẹ̀rún kan. Fún ọgọ́rùn-ún kan, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, kò sì ní ronú nípa rẹ̀ mọ́ fún ìgbà púpọ̀. Mo ṣì dúró sórí tèmi.

ỌmọỌdẹ_TX:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Chamfer ti yanjú ti bàbà, ọta ń wọlé wẹ́rẹ́ báyìí. Nǹkan kan ṣẹ́ kù. Mo rí kéèsì méje kan tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó ti dàgbà, n kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yìn wọ́n. Lẹ́yìn dáì wọ́n di 2.021 sí 2.024. Méjì nínú wọn ní ilà dídán kan yí wọn ká nísàlẹ̀, sún mọ́ ìdí. Ṣé kí n kàn gé wọn náà?

Àṣípa_Ọdẹ:

Rárá o! Àwọn méjì yẹn, fi pliers tẹ ẹnu wọn pọ̀ báyìí kí o sì jù wọ́n sínú idẹ àlòkù, kí wọ́n má baà ṣèèṣì padà sórí tábìlì.

Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ ibi tí idẹ tó mú kéèsì gùn ti wá. Kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ara kéèsì fúnra rẹ̀ ló ti wá, pàápàá ibi tí ògiri fẹ́lẹ́ ti pàdé ìdí tó nípọn, bí ìdá mẹ́rin íǹṣì kan sókè láti ìdí. Gbogbo ìgbà tí o bá gé ẹnu, ibi yẹn ti di fífẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ já, òrùka dídán á yọ lóde. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí kéèsì já sí méjì nínú ìbọn, kí ìdí jáde kí ara kù sínú ilé ọta, kí èéfín gbígbóná sì gba ẹ̀yìn yọ sí ojú rẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n fi ń sọ pé kéèsì tí a bá ti gé ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó lọ sinmi.

Fún àwọn márùn-ún yòókù: na paper clip kan, tẹ orí rẹ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ bí ìkọ́, pọ́n ọn kí ó mú, kí o tì í bọ kéèsì dé ìsàlẹ̀, kí o rọra máa fà á sókè lára ògiri. Ibi tí ògiri bá ti jìn wọlé bí kòtò, ìkọ́ á ta síbẹ̀. Èyí tó bá ta, jù ú nù. Èyí tí kò ta, o lè gé e, àmọ́ mi ò ní fún un ní ẹ̀tù púpọ̀.

Kí tìrẹ má baà tètè dé bẹ̀, yẹ bí o ṣe de dáì wò. Ẹni tó bá yí dáì wá sílẹ̀ títí tó fi lu shell holder láìwọn nǹkan kan lè máa ti èjìká kéèsì sẹ́yìn jù. Bí èjìká bá sẹ́yìn jù, àyè á ṣí láàárín rẹ̀ àti èjìká ilé ọta. Nígbà yíyìn, ara kéèsì á na láti kún àyè náà, òun ló ń jẹ ògiri nísàlẹ̀. Fún bolt-action, 0.001 sí 0.002 ni kí o ti èjìká sẹ́yìn sí ti kéèsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìbọn rẹ. Fún semi-auto, ìbọn tó ń kún ara rẹ̀, 0.003 sí 0.004 kí ó lè wọlé láìdènà. Gauge tó ń di èjìká mú lára kálípà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, kò wọ́n púpọ̀.

LífàTáwà:

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ yín lọ́nà díẹ̀. Ìbọn .30-30 lever-action, èyí tí a ń fi ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ ṣí, ni tèmi, 2.039 àti 2.029 ni ìwé sọ. Mo ń fún ẹnu kéèsì mọ́ ọta. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni èjìká wọn ń wú lẹ́yìn ìfúnmọ́, wọn kò wọ ilé ọta. Gbogbo wọn kò dé 2.039. Kí ló fà á?

SìsíRéńjì:

Ẹ ńlẹ́, ẹ̀gbọ́n. Nínú tiyín, òpin 2.039 kọ́ ni ọ̀rọ̀, àìdọ́gba ni. Dáì tó ń fún ẹnu kéèsì dúró sí ojú kan. Kéèsì tó gùn ju èyí tí ẹ fi tò ó lọ á kan irin náà ṣáájú, ẹnu rẹ̀ á tẹ̀ wọnú kòtò ara ọta tán, dáì á sì ṣì máa tì í. Nígbà tí ẹnu kò ní ibi tó máa lọ mọ́, èjìká ló máa wú. Èyí tó kúrú nínú wọn, ìfúnmọ́ rẹ̀ kò ní dé ibi tó yẹ, ìyẹn sì léwu ní tirẹ̀: nínú túùbù màgásíìnì, níbi tí àwọn kátírììjì ti ń tò tẹ̀ léra, sípíríǹgì àti ìtasẹ́yìn ìbọn lè ti ọta rẹ̀ wọnú kéèsì, àyè ẹ̀tù á kéré, agbára á gòkè.

Ẹ wọn gbogbo wọn lẹ́yìn dáì, kí ẹ wá èyí tó kúrú jù, kí ẹ gé gbogbo ìyókù bá a, kódà bí ó bá jẹ́ 2.027. Kí ìyàtọ̀ wọn má ju 0.002 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀kan nínú wọn to dáì ìfúnmọ́ lákọ̀tun: ẹ yí dáì sókè, ẹ ti ọta wọlé dé àárín kòtò rẹ̀, kí ẹ wá máa yí dáì sílẹ̀ ní ìdá mẹ́jọ ìyípo kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ètè kéèsì yóò fi wọnú kòtò náà díẹ̀. Kí ẹ ti ọta lọ́tọ̀, kí ẹ fún ẹnu mọ́ ọn lọ́tọ̀, ó sàn ju kí ẹ ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gígé bá sú yín, Lee Factory Crimp fún .30-30 ń fi ètè mẹ́rin fún ẹnu kéèsì láti ẹ̀gbẹ́, àìdọ́gba gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Ọta olórí pẹrẹsẹ ni kí ẹ ṣì máa lò o, torí orí ọ̀kan ń kan práímà èkejì nínú túùbù yẹn, ṣóńṣó sì lè yìn ín.

LífàTáwà:

Mo ti wọn ogún: 2.028 sí 2.037. Ó ti yé mi. Gbogbo rẹ̀ ń di 2.028 lálẹ́ òní.